Gbígba Kádàrá Kì í Ṣe Kíkáwọ́ Gbera

 

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ kéú wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ ṣàlàyé lọ́dún yìí ni Ar-Rida, èyíinì ni kí ọkàn yọ́nú sí ohun tí Ọlọ́hun bá pa láṣẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti gba kádàrá kò níí ṣe nǹkan kan mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àdúgbò wa. Ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé-iṣẹ́ Dunlop fi ṣe táyà mọ́tò, kí wọ́n tó dá a dúró ní ọdún 2008. Àìdúró iná mànàmáná àti táyà òkèèrè tó kún ọjà wà lára ohun tó fà á. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn máa ń gbà. Ẹnì kan á máa bínú sí Ọlọ́hun. Ẹnì kejì á ní kádàrá ni, á jókòó sílé, bí iṣẹ́ kékeré bá dé, á ní kò yẹ òun. Ẹnì kẹta á ní alihamdu lilahi, á tún dìde, bó ṣe títẹ́ táyà tó jò lẹ́bàá títì ni. Ẹni kẹta yìí ló mọ Rida.

Iṣẹ́ ọkàn ni Rida, iṣẹ́ ṣíṣe sì jẹ́ ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ọkùnrin kan bi Ànábì léèrè bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso, kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì ní kí ó kọ́kọ́ so ó ná. Tirmidhi ló gba hádíìsì náà wá.

Rida tún ní ẹnì kejì, òun ni ọkàn tó ṣí sílẹ̀ láti kọ́ ohun tuntun. Abẹ́òkúta ni Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory ti dá Markaz sílẹ̀ ní 1952, ó sì gbé e wá sí Agége ní 1955. Nígbà tí wàláà àti ẹní wọ́pọ̀ ní ilé-kéú, ó gba kíláàsì, àga àti ìwé ẹ̀rí wọlé, kò sì torí wọn fi Àlùkùránì sílẹ̀. Ó jáde láyé ní 1992, Markaz ṣì wà.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ẹ gbà á, kí ẹ sì bi olùkọ́ níbi tí ẹ ti ṣì í. Bí àbúrò bá tún kíkà yín ṣe, ẹ má bínú.

Ẹ̀yin ará mọ́sálásí, ibi tí a ti ń ṣe àṣìṣe jù nìyí: a máa ń sọ fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kádàrá ni, a ó sì bá tiwa lọ. Kádàrá tiwa, ọkàn la fi ń gbà á; ti ẹnìkejì, ọwọ́ la fi ń bá a gbé e. Ẹ bá a wá iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-kéú.

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọkàn tó gba àṣẹ Rẹ̀ àti ọwọ́ tí kò ṣọ̀lẹ. Àmín.