Ohun Tó Ń Mú Géèjì Epo Ọkọ̀ Purọ́

Abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka iye epo lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kì í wọn ohunkóhun fúnra rẹ̀. Inú táńkì ni ìwọ̀n ti ń wá, láti ara ohun èlò kékeré tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní float, èyí tó ń léfòó lórí epo ní ẹnu ọ̀pá tín-ín-rín. Bí epo bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ọ̀pá náà ń tẹ̀ lé e, tí irin wẹ́wẹ́ tó wà ní ìdí rẹ̀ sì ń rìn lórí pátákó kan tó ń dènà iná mànàmáná, níbì kan díẹ̀, níbòmíràn púpọ̀, ìwọ̀n ìdènà yìí ni géèjì sì ń kà.

Ibi tí irin àti pátákó ti ń kanra ni àìsàn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Fàdákà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, imí-ọjọ́ tó bá wà nínú epo sì lè jẹ ẹ́ títí yóò fi dúdú, tí iná kò ní lè gba ibẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Shell dá títa epo dúró ní ọ̀pọ̀ ilé-epo ní Florida àti Louisiana, ní Amẹ́ríkà, nítorí pé imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ń ba géèjì àwọn oníbàárà jẹ́. Ìlànà àtijọ́ ní Nàìjíríà gba ìdá 1,000 imí-ọjọ́ láàyè nínú mílíọ̀nù kan ìdá epo bẹntiróòlù. Ní ọdún 2020 ni àwọn mínísítà ECOWAS fẹnu kò pé kí ó má ju 50 lọ, ìpinnu tó yẹ kí gbogbo onímọ́tò Surulere àti Yaba máa bèèrè ìmúṣẹ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó, kí rewáyà kọ́kọ́ yẹ wáyà wò, pàápàá èyí tó so mọ́ ara ọkọ̀, nítorí ìpẹtà ibẹ̀ nìkan tó láti da géèjì rú. Bó bá jẹ́ pé float ló jẹ̀bi lóòótọ́, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, nígbà mìíràn pẹ̀lú odidi pọ́ǹpù. Ó yẹ kí a fi mítà wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń tà á, kí a máa gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, nítorí bí nọ́ńbà bá ń fò dípò kí ó máa yí wẹ́rẹ́, pátákó rẹ̀ ti jẹ. Ìrísí kò tó láti yàn án, torí pé ìdènà máa ń pọ̀ sí i bí epo ti ń pọ̀ nínú ọkọ̀ kan, àmọ́ ńṣe ni ó ń dín kù nínú òmíràn.

Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó sì ń gbà rìn, nítorí náà kò yẹ kí a ṣí táńkì nítòsí wẹ́dà tàbí jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ti tú orí bátìrì tẹ́lẹ̀. Rọ́bà tuntun ni kí a fi dí ẹnu táńkì padà, lẹ́yìn èyí kí a máa bu epo sí i ní ìpele-ìpele, kí a sì máa wo abẹ́rẹ́ bóyá ó ń bá a gòkè.