Bí A Ṣe Ń Ṣàkópọ̀ Ìwádìí Ilẹ̀ fún Yíya Máàpù

Ní ọdún 1962, A. J. Smyth àti R. F. Montgomery tẹ ìwé jáde lórí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Orúkọ ìlú ni oríṣi ilẹ̀ ń jẹ́ nínú rẹ̀: Ìwó, Ẹgbẹ́dá, Oǹdó. Níwọ̀n bí máàpù kékeré kò ti lè gba oríṣi kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó àwọn tí ó ti ara irú òkúta kan náà jáde sínú ẹgbẹ́ kan. Nínú ẹgbẹ́ Ìwó, ilẹ̀ Ìwó wà lókè, Àpòmù oníyanrìn wà ní ìsàlẹ̀, Jago sì wà ní àbàtà. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Nítorí náà, àgbẹ̀ Ìbà tí yóò gbin kòkó kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan. Kí ó gbẹ́ ilẹ̀ wò.