Èèwọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ààbò fún Àyíká: Àpẹẹrẹ Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo

Ìfáàrà
Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá, igi, odò àti òkè jẹ́ ibùgbé òrìṣà. Ibi tí òrìṣà bá ń gbé, ènìyàn kò gbọdọ̀ bà á jẹ́. Àfojúsùn iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe dáàbò bo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí.

Ìtàn ìwáṣẹ̀ àti èèwọ̀
Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo fúnra rẹ̀ dá lórí igi gígé. Ìtàn sọ pé nígbà tí Lárooyè, Tìmẹ́hìn àti àwọn ènìyàn wọn dé etí odò, wọ́n gé igi kan. Igi náà wó sínú omi, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Òrìṣà náà fi ẹ̀hónú hàn. Àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe ni pé àwọn yóò kúrò ní bèbè odò lọ sí orí ilẹ̀ gíga, àwọn yóò fi igbó sílẹ̀ fún un, òun náà yóò sì máa dáàbò bò wọ́n. Ọdún Ọ̀ṣun tí à ń ṣe nínú oṣù Kẹjọ ọdọọdún ń rán wa létí àdéhùn yìí. Èèwọ̀ igbó náà bá a mu: a kì í gé igi ibẹ̀, a kì í dọdẹ nínú rẹ̀, a kì í sì í pa ẹja odò náà. Kò sí aṣọ́gbó tí ń gba owó oṣù nígbà náà; ìbẹ̀rù òrìṣà ni ó ń ṣọ́ igbó.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ dínkù
Láàrin 1950 sí 1960, agbára èèwọ̀ náà ti dínkù. Ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan níbẹ̀, wọ́n gé igi, wọ́n sì gbin igi tíìkì. Àwọn olè ń jí ère ojúbọ. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo àti àwọn olùsìn ni wọ́n tún ojúbọ ṣe, tí wọ́n sì tako ìbàjẹ́ náà. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 2005, àjọ UNESCO fi igbó náà, tí ó tó hẹ́kítà 75, kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Ibi tí èèwọ̀ kò dé
Òfin àti èèwọ̀ pa igi mọ́, ṣùgbọ́n inú igbó yẹn kọ́ ni odò ti ṣẹ̀. Láti ilẹ̀ Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń ṣàn bọ̀, ẹrẹ̀ àwọn tí ń wa góòlù ní apá òkè sì ti yí àwọ̀ omi rẹ̀ padà. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí àwọn olùsìn má ṣe mu omi náà. Omi tí àgàn ń mu láti tọrọ ọmọ, tí aláìsàn ń mu láti rí ìwòsàn, ni ó di ohun tí à ń sá fún.

Àgbálọgbábọ̀
Ó hàn gbangba pé èèwọ̀ lágbára láàrin àwọn tí ó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò de ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ibí yìí ni iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá wà. Bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èèwọ̀, kí a má ṣe fi mọ sí pé àwọn baba wa ní kí a má ṣe é. Kí a sọ ohun tí ó ń dáàbò bò fún wọn. Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ni ó ń gbé etí odò kan náà. Bí omi bá bàjẹ́, kò sí ẹlẹ́sìn tí kò ní kàn.