Kí ló kan màlúù nínú oògùn ojú? Ọ̀nà tí oògùn ń gbà kó tó dé ojú èèyàn

Ẹni tó bá wọ ọjà Òjé nílùú Ìbàdàn, yálà aṣọ òkè ló wá rà tàbí ewé àti egbò, kò ní ṣàì rí ẹni tó ń ta oògùn ojú. Àgbo wà, ẹ̀tù wà, ìgò kékeré tí wọ́n ń kán sójú náà wà. Ìbéèrè kan ni kì í sábà jáde lẹ́nu oníbàárà: ojú ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò?

Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì, torí ojú kì í ṣe ẹsẹ̀. Tí oògùn bá bó ẹsẹ̀, awọ mìíràn á hù. Àmọ́ awọ mọ́námọ́ná tó bo iwájú ẹyinjú, tí àpá bá ti wà lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé dáadáa mọ́.

Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ẹranko, ehoro ló sì gbajúmọ̀ jù. Lọ́dún 1944, John Draize tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan kalẹ̀. Wọ́n á kán ohun tí wọ́n fẹ́ dán wò sí ọ̀kan nínú ojú ehoro méjèèjì, wọ́n á fi ìkejì sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí wọ́n lè fi wọ́n wé ara wọn. Wọ́n á wá máa ṣọ́ ọ: ṣé ó pọ́n, ṣé ó wú, ṣé ó ṣú?

Kò dùn ún gbọ́, kò sì dájú pé ó dùn mọ́ ehoro. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹranko ti pariwo lórí rẹ̀ gan-an, ohun tí wọ́n sì ń sọ kì í ṣe irọ́. Lóde òní, ojú màlúù tí wọ́n ti pa fún jíjẹ ni àwọn kan máa ń kọ́kọ́ lò. Wọ́n á gbà á ní odò ẹran, wọ́n á kán nǹkan náà sí i, tó bá ṣú, ọ̀rọ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ ehoro rárá. Ní Yunifásítì Ìbàdàn náà, ìgbìmọ̀ kan wà tó ń yẹ ìwádìí tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹranko ṣe wò kó tó bẹ̀rẹ̀.

Aràn tó ń fọ́ni lójú

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ilé jù ni àrùn tó ń fọ́ àwọn ará ẹ̀bá odò lójú, tí ọ̀pọ̀ ní Ìbàràpá mọ̀ sí ìnárun. Kòkòrò dúdú kékeré kan, amùkúrù, tó ń pamọ síbi tí odò bá ti ń ṣàn kíkankíkan, ló ń gbé e. Tó bá jẹni, ó lè fi ọmọ aràn sílẹ̀ lára. Aràn náà á dàgbà, á di kókó lábẹ́ awọ, abo rẹ̀ á sì máa bímọ láìdúró fún nǹkan bí ọdún 10 sí 15. Àwọn ọmọ yìí ló ń rìn lábẹ́ awọ tí ara fi ń yúnni. Àwọn kan nínú wọn á rìn dé ojú. Tí wọ́n bá kú síbẹ̀, ara á máa bá òkú wọn jà, ojú á pọ́n, àpá á máa gorí àpá, títí ojú á fi fọ́.

Oògùn kan wà tẹ́lẹ̀, diethylcarbamazine. Ó ń pa ọmọ aràn lóòótọ́, àmọ́ gbogbo wọn ló ń pa lẹ́ẹ̀kan náà. Òkú wọn nínú ojú lè wá ba ojú tí wọ́n fẹ́ wò sàn jẹ́.

Ibí ni ẹranko ti wọ ọ̀rọ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1979, Satoshi Ōmura bu iyẹ̀pẹ̀ ní Kawana lórílẹ̀-èdè Japan, ó rí bakitéríà kan nínú rẹ̀, ó sì dé ọwọ́ ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà. William Campbell àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi dán èkúté tó ní aràn nínú ìfun wò. Aràn kú. Bí ivermectin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, oògùn ẹran ọ̀sìn ló sì kọ́kọ́ jẹ́.

Ẹṣin ló la Campbell lójú. Aràn kan wà lára ẹṣin tó jẹ́ ìbátan aràn ìfọ́jú yìí, tí ọmọ tirẹ̀ náà ń rìn lábẹ́ awọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé ivermectin ń pa á, Campbell sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó ran èèyàn náà lọ́wọ́. Lọ́dún 1981, Mohammed Aziz bẹ̀rẹ̀ sí í fi dán èèyàn wò ní Dakar, lórílẹ̀-èdè Senegal. Ìwọ̀n kékeré ló lò, ọmọ aràn dín kù lára awọ, kò sì sí irú làásìgbò tí oògùn àtijọ́ ń dá sílẹ̀. Ní 1987, Merck kéde pé ọ̀fẹ́ ni Mectizan, orúkọ tí wọ́n fún ti èèyàn. Campbell àti Ōmura gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015.

Mectizan yìí ni hóró oògùn tí wọ́n ń pín ní abúlé, tí àwọn tí ìlú yàn máa ń fi ọ̀pá wọn gíga ẹni kí wọ́n tó mọ iye hóró tó yẹ kó gbé mì.

Màlúù Ngaoundéré

Àmọ́ ivermectin kì í pa ìyá aràn. Ọmọ ló ń pa, ó sì ń dá ìyá dúró kó má bímọ fúngbà díẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó lọ́dọọdún nìyẹn. Ẹni tó bá wá ń wá oògùn tó máa pa ìyá, ara ẹranko wo ló fẹ́ fi dán an wò? Aràn tó ń fọ́ èèyàn lójú kì í fẹ́ gbé ara ẹlòmíràn. Wọ́n ti fi ran ìnàkí rí ní Kumba, lórílẹ̀-èdè Cameroon, ṣùgbọ́n ìnàkí ò pọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì fara mọ́ ọn kí wọ́n máa fi ẹranko tó jọ èèyàn tó bẹ́ẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Màlúù ló gbà wọ́n. Lágbègbè Ngaoundéré, lápá àríwá Cameroon, aràn kan wà lára màlúù tí wọ́n ń pè ní Onchocerca ochengi. Ó sún mọ́ ti èèyàn pẹ́kípẹ́kí: amùkúrù kan náà ló ń gbé e, òun náà ń ṣe kókó lábẹ́ awọ. Dókítà ẹranko lè gé kókó kan lónìí, kó gé òmíràn ní oṣù mélòó kan sí i, á mọ̀ bóyá aràn inú rẹ̀ ti kú, màlúù á sì máa jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Àwọn onímọ̀ gún màlúù wọ̀nyí ní oxytetracycline, oògùn tí àwọn tó ń sin ẹran mọ̀ dáadáa. Lọ́dún 2000 àbájáde rẹ̀ jáde: aràn àgbà kú. Kì í ṣe aràn gan-an ni oògùn náà bá jà o. Bakitéríà kan ló wà nínú ara aràn, Wolbachia lorúkọ rẹ̀, òun ló ń gbọ́ bùkátà aràn. Tó bá ti kú, aràn ò ní pẹ́ tẹ̀lé e. Lọ́dún kan náà, ìwádìí láti Ghana fi hàn pé doxycycline, ọmọ ìyá oògùn yẹn, ń sọ abo aràn di àgàn lára èèyàn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, aláboyún àti ọmọdé ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n aràn yìí kì í fọ́ màlúù lójú. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú gan-an ní láti padà sọ́dọ̀ èkúté. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2002, wọ́n lọ aràn, wọ́n fi omi rẹ̀ sínú awọ iwájú ẹyinjú èkúté, ojú ṣú. Nígbà tí wọ́n lo aràn tí doxycycline ti pa Wolbachia inú rẹ̀, kò ṣú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni pé bakitéríà inú aràn wà lára ohun tí ara ń bá jà tí ojú fi ń bàjẹ́. Màlúù ò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni láéláé.

Nígbà tí ẹranko bá ṣini lọ́nà

Ehoro fẹ́rẹ̀ẹ́ pa oògùn glaucoma kan kó tó bẹ̀rẹ̀. Glaucoma ni àrùn tó ń jí ojú kó láìdunni. Nígbà tí wọ́n kán prostaglandin tó pọ̀ sójú ehoro, ojú pọ́n, ìfúnpá inú rẹ̀ sì lọ sókè. László Bito, ní Columbia University ní New York, dín ìwọ̀n kù, ó lọ bá ológbò àti ọ̀bọ, ìfúnpá sì wálẹ̀. Ibẹ̀ ni latanoprost ti wá, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1996.

Ẹ̀yìn rẹ̀ náà wà. Kò sí ẹranko tó kìlọ̀ pé tí aràn mìíràn, Loa loa, bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, ivermectin lè kó o sí ewu ọpọlọ. Ìgbà tí oògùn dé ọwọ́ èèyàn ní àwọn ibi kan ní Cameroon ni wọ́n tó rí i.

Gbogbo èyí ò sọ pé ewé àti egbò Òjé ò dáa. Inú ilẹ̀ ni ivermectin náà ti wá. Ọ̀nà tó gbà ló yà á sọ́tọ̀: èkúté, ẹṣin, ìwọ̀nba èèyàn ní Dakar, kó tó kan àràádọ́ta ọ̀kẹ́. Ìgò tí ẹnikẹ́ni ò mọ iye ohun tó wà nínú rẹ̀, ojú oníbàárà ni ehoro rẹ̀. Ti kẹ́mísì náà ò bọ́ níbẹ̀. Oògùn ojú tó ní steroid lè mú kí ojú tó pọ́n mọ́ kíá, àmọ́ tí èèyàn bá ń kán an lọ láìsí dókítà, ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè títí ojú á fi lọ. Ivermectin tí wọ́n ń gún fún ajá àti ewúrẹ́ náà ò sì ṣeé bù mu. Ìwọ̀n tiwọn yàtọ̀ sí ti èèyàn.

Ìwádìí ò tíì tán. Moxidectin, oògùn ẹran ọ̀sìn mìíràn, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018 fún àrùn yìí, lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò lára àwọn èèyàn ní Ghana, Liberia àti Congo. Ó ń lé ọmọ aràn kúrò lára awọ pẹ́ ju ivermectin lọ, àmọ́ òun náà kì í pa ìyá. Ní January 2025, àjọ ìlera àgbáyé WHO kéde pé Niger ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tó bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Ní Nàìjíríà, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti dá pínpín oògùn náà dúró torí pé àrùn náà ò ràn níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀, ọ̀pá ìwọ̀n àti hóró Mectizan ṣì ń lọ láti abúlé dé abúlé.