Ta ló láṣẹ lórí ìgbéyàwó? Ohun tí ẹjọ́ Zaria ọdún 2017 fi hàn

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn 53 lọ sí kóòtù májísíréètì àgbà ní Chediya, nílùú Zaria, ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀, pé wọ́n ṣe àpéjọ tí kò bófin mu, àti pé wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí òfin kò fọwọ́ sí. Ìgbéyàwó láàrin ọkùnrin méjì ni ọlọ́pàá ní ó kó wọn jọ. Gbogbo wọn ní àwọn kò jẹ̀bi. Agbẹjọ́rò wọn sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, àti pé wọ́n ti lò ju wákàtí 24 lọ ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó fojú kan adájọ́, bẹ́ẹ̀ abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé níbi tí kóòtù bá wà láàrin kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní. Adájọ́ gba oníduùró wọn, ẹjọ́ sì sún síwájú. Ẹ tún ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò: kò sí èyí tó ń jẹ́ ìgbéyàwó nínú wọn. Àpéjọ ni, ẹgbẹ́ ni, ìgbìmọ̀pọ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn tó ti gba gbogbo ayé kan, ìyẹn bóyá ìpínlẹ̀ ló yẹ kó ṣòfin lórí ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo tàbí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, a sì máa ń sọ wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Èkíní: irú ìgbéyàwó wo ni àwùjọ yóò kà sí ìgbéyàwó? Èkejì: kí ni ìjọba láṣẹ láti fi ara àti òmìnira ẹnìkan ṣe? Mo gbà pé a lè fi èkíní sọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ẹ̀sìn àti àṣà. Èkejì kò yẹ kó yí padà nítorí pé èèyàn kọjá ààlà ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn.

Ká wo bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó ní Sabon Gari, ní Zaria kan náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìyàwó níbẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta níwájú. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n á so yìgì: wálì ìyàwó á jókòó, wọ́n á dárúkọ sadaki níwájú àwọn ẹlẹ́rìí, ó parí. Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ ló fẹ́, ẹbí á pàdé ẹbí, wọ́n á ṣe ìdána, iṣu, oyin àti orógbó á wà nílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ àrédè, ó di rẹ́jísìrì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún níwèé àṣẹ. Méjì àkọ́kọ́ wà lábẹ́ ìpínlẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn Ṣàríà oṣù Kejì ọdún 2000 ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kaduna, ìjọba Gómìnà Ahmed Makarfi pín ilé-ẹjọ́ sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ṣàríà fún Mùsùlùmí, kóòtù ìbílẹ̀ fún àwọn yòókù, májísíréètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ti àrédè, Àbújá ló ni í. Ìlà 61 nínú àtòkọ àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí sọ pé síso ìgbéyàwó àti títú u ká wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, àyàfi èyí tí wọ́n ṣe lábẹ́ òfin Ìsìlàámù tàbí òfin ìbílẹ̀. Síbẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ló ń tú àrédè ká, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1970 ṣe là á kalẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin sì gbé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Àní ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan láre, Ẹtì-Ọ̀sà nínú wọn, nínú ẹjọ́ tí wọ́n bá mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ṣe lórí ẹni tó láṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀, ni àwọn tó ti ṣe tiwọn ní rẹ́jísìrì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn bóyá tọkọtaya làwọn ṣì jẹ́. Ètò yìí rí wúruwùru lójú ẹni tó fẹ́ kí nǹkan tò tẹ̀léra. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí àwọn tó yàtọ̀ síra lọ́nà púpọ̀ lè máa gbé àdúgbò kan láìjà nítorí ìyàwó.

Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ ìlà 61 yìí kì í pa á mọ́ nígbà gbogbo. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ilé aṣòfin àgbà dìbò láti yọ gbólóhùn kan kúrò nínú abala 29 ìwé òfin, èyí tó sọ pé obìnrin tó bá ti wọlé ọkọ ti di àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé. Sẹ́nétọ̀ Ahmed Sani Yerima dìde, ó ní ìlà 61 kò fún àwọn láṣẹ láti fọwọ́ kan ìgbéyàwó Ìsìlàámù. Wọ́n tún ìbò dì, àtúnṣe náà sì ṣubú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ilé aṣojú-ṣòfin ti fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2014. Òfin náà dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dárúkọ mọ́ṣáláṣí, ó ní wọn kò gbọ́dọ̀ so irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ìlà 61 tó dí wọn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin kò dí wọn lọ́wọ́ lórí èyí. Ẹni tó bá wí fún mi pé ìlànà ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀ ló ń darí àwọn aṣòfin wa, mà á ní kó tún un rò.

Ohun tó wà nínú òfin 2014 gan-an ló ṣe pàtàkì jù sí àlàyé mi. Ọ̀pọ̀ gbà pé òun ló kọ́kọ́ sọ ohun tí ìgbéyàwó jẹ́ ní Nàìjíríà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tó ń túmọ̀ àwọn òfin wa ti sọ tipẹ́ pé àrédè ni ìsopọ̀ ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ní ti ìbílẹ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti fẹnu kò lé e lórí ní ọdún 1976 nínú ẹjọ́ Meribe àti Egwu, tó dá lórí àṣà Ìgbò tí obìnrin tí kò bímọ fi ń fẹ́ obìnrin mìíràn wọlé fún ọkọ rẹ̀: àwọn adájọ́ ní ọkọ ni wọ́n fẹ́ ẹ fún, wọ́n sì fi kún un pé bó bá jẹ́ obìnrin sí obìnrin ni, òfin kò ní gbà á. Ti yìgì, kò sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2014 fi máa pé, kò sí àlàfo kankan nínú òfin ìgbéyàwó wa tí ẹnikẹ́ni lè gbà wọlé. Ẹ̀wọ̀n ni òfin tuntun mú wá: ọdún 14 fún àwọn méjì tó bá ṣe é, ọdún 10 fún ẹni tó bá jẹ́rìí sí i, fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tàbí tó wà nínú rẹ̀, fún ẹni tó bá fi ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ìyẹn kì í ṣe òfin ìgbéyàwó mọ́. Òfin lórí ẹni tó lè jókòó pẹ̀lú ẹni ni.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìbéèrè ìpínlẹ̀ tàbí ilé-ẹjọ́ ti gbóná jù, ọ̀rọ̀ méjèèjì wọ ara wọn lóòótọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ ló ni òfin ìgbéyàwó lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n àǹfààní tí ìjọba àpapọ̀ so mọ́ ipò tọkọtaya lé ní 1,000. Nígbà tí Edith Windsor pàdánù obìnrin tó fẹ́, ìjọba gba owó orí tó lé ní dọ́là 363,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ogún, owó tí ì bá má san bó bá jẹ́ ọkùnrin ló fẹ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a láre ní 2013. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2015, adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin nínú ẹjọ́ Obergefell, ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sì di ẹ̀tọ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí adájọ́ fúnni, adájọ́ lè gbà á padà: ní 2022, ilé-ẹjọ́ kan náà fagi lé ìdájọ́ tirẹ̀ ti ọdún 1973 lórí oyún ṣíṣẹ́, kò sì pé oṣù mẹ́fà tí ilé aṣòfin fi ṣe òfin tó ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ka ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ mìíràn sí. Òfin náà kò fipá mú ìpínlẹ̀ kankan láti máa so ó.

Àpẹẹrẹ tó jọ tiwa jù ni Íńdíà, tí òun náà ní òfin ìgbéyàwó ọ̀tọ̀ fún ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan, tó sì jogún òfin ìwà ọ̀daràn lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì bíi tiwa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀wọ̀n nítorí ohun tí àgbàlagbà méjì fẹnu kò lé lórí ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá bá ilé-ẹjọ́ yẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ó kọ̀, ó ní iṣẹ́ aṣòfin nìyẹn. Àwọn méjèèjì ni inú wọn kò dùn, ẹni tó ń bẹ̀rù àti ẹni tó ń retí. Èmi rò pé ìyàtọ̀ tí àwọn adájọ́ náà fà sí àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ló tọ́.

Ẹni kan lè sọ pé: bí ìpínlẹ̀ bá lè ní yìgì tirẹ̀ àti ìdána tirẹ̀, kí ló dé tí kò lè ní ìjìyà tirẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìyẹn ń gbé wa lọ. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ Ṣàríà kan ní Ningi, ní ìpínlẹ̀ Bauchi, dá ikú sísọ lókùúta fún ọkùnrin mẹ́ta. Ní gúúsù, ọdún 14 ni ìwé òfin ìwà ọ̀daràn kọ sílẹ̀ fún ẹ̀sùn kan náà. Yorùbá Mùsùlùmí tó ń gbé Sabon Gari wà lábẹ́ ilé-ẹjọ́ Ṣàríà, aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì kò sí lábẹ́ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn kò sì ní irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ọmọ ìyá méjì, ìwé ìrìnnà kan náà, àmọ́ ẹ̀mí ọ̀kan lè bọ́ níbi tí èkejì ti máa ṣẹ̀wọ̀n. Kò sí ẹni tó ń kú nítorí pé wọn kò ka ìgbéyàwó rẹ̀ sí àrédè. Nítorí èyí ni mo ṣe ní àṣẹ lórí ìgbéyàwó àti àṣẹ lórí òmìnira kò lè wà lójú òṣùwọ̀n kan náà.

Ẹlòmíràn á ní ta ló dìbò fún adájọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fẹ́ òfin yìí, àwọn aṣòfin sì gbọ́ wọn. Òótọ́ ni, mi ò sì fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìbuwọ́lù Jonathan, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ wa sọ nínú ẹjọ́ Ukeje pé àṣà Ìgbò tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún baba rẹ̀ tako abala 42 ìwé òfin. Òfin ìbílẹ̀ ni àṣà yẹn, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló sì fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń pariwo lónìí pé kí adájọ́ má dá sí àṣà ló yìn wọ́n lọ́jọ́ náà. Orí kẹrin ìwé òfin ò wúlò bó bá jẹ́ ẹni tí ogunlọ́gọ̀ fẹ́ràn nìkan ló ń dáàbò bò.

Àtakò tó lágbára jù, inú ìwé òfin gan-an ló ti wá. Abala 37 dáàbò bo ìgbésí ayé ìkọ̀kọ̀, abala 40 dáàbò bo ìpéjọpọ̀, ṣùgbọ́n abala 45 gba ìjọba láàyè láti dín wọn kù nítorí ìwà ọmọlúàbí àwùjọ, bí òfin tó fẹ́ dín wọn kù bá bójú mu ní orílẹ̀-èdè tìjọba tiwa-n-tiwa. Ìjọba lè jàre lórí abala yìí. Àmọ́ ìjàre gbọ́dọ̀ wáyé ní kóòtù, kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn, kí adájọ́ sì sọ̀rọ̀. Ohun tí a kò tíì rí nìyẹn. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá da ẹjọ́ tó tako òfin náà nù nítorí pé ẹni tó pè é kì í ṣe ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, wọ́n mú àwọn ọkùnrin kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, l'Ékòó. 47 nínú wọn fojú winá ẹjọ́ lórí fífi ìfẹ́ hàn ní gbangba, ní ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 6 òfin náà fúnra rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ tàbí ti Àbújá ni kó gbọ́ ọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 adájọ́ fagi lé ẹjọ́ náà nítorí pé àwọn olùpẹ̀jọ́ kò fọwọ́ gidi mú un. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìbéèrè gan-an wà níbi tó wà.

Bẹ́ẹ̀ kò pọn dandan kí ó dé Àbújá kí a tó dá a lóhùn. Abala 46 sọ pé ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú ní ìpínlẹ̀ kan lè gba ilé-ẹjọ́ gíga ní ìpínlẹ̀ náà lọ. Adájọ́ ìpínlẹ̀ Kaduna tó ń jókòó ní Zaria lè ka ìwé òfin ìjọba àpapọ̀ lé orí ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, láìfọwọ́ kan yìgì tàbí ìdána ẹnikẹ́ni. Ìlànà tí Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà gbé jáde ní 2009 fún ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sì sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ da irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nù torí pé ẹni tó pè é kì í ṣe ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ìlànà yẹn ti pé ọdún márùn-ún nílẹ̀ nígbà tí wọ́n da ti Àbújá nù.