Ìhà Karùn-ún àti Àwọn Ìràwọ̀ Tó Ń Kọjá Lórí Ìkọ̀lé

Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ kó dúró ṣánṣán ní gbangba, ì báà ṣe ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, kí ẹ sì jókòó tì í láti aago méjìlá ọ̀sán. Òjìji ọ̀pá náà á máa kúrú díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi máa di aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, òjìji ti tán, ó ku àmì róbótó lẹ́sẹ̀ ọ̀pá. Oòrùn ti dé ọ̀gangan àtàrí wa nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún nirú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní àríwá Èkìtì. Ìkejì máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìgbà tí ìkùukùu kì í sábà jẹ́ ká rí nǹkan kan.

Ọ̀pá yìí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní físíìsì. Mo máa ń ní kí wọ́n wò ó dáadáa. Ọ̀pá náà ga tó mítà kan, síbẹ̀ ẹni tó bá tẹrí mọ́ òjìji nìkan, tí kò gbójú sókè, lè búra pé kò ga rárá. Gíga náà kò kúrò níbì kan. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wá ni kò jẹ́ kó hàn. Lẹ́yìn èyí ni mo tó máa ń bi wọ́n bóyá ayé tí a wà nínú rẹ̀ yìí náà lè ní apá kan tí ojú wa kò ká.

Yàrá yòówù tí ẹ bá wà ní òòró, ó ní ìbú, ó sì ní gíga. Ìhà mẹ́ta nìyẹn. Nínú ìmọ̀ Einstein, àkókò ni ìkẹrin, ìyẹn kò sì le láti gbà: bí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn pàdé yín lọ́jà Ìkọ̀lé, ibi ìsọ̀ nìkan kò tó, ẹ gbọ́dọ̀ dá aago fún un. Ìkarùn-ún ló ń rú àwọn ọmọ lójú. Èmi náà, láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Oṣù kẹrin ọdún 1919 ni olùkọ́ kan tí kò tíì lórúkọ, Theodor Kaluza, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Königsberg ní Jámánì ìgbà náà, fi èrò kan ránṣẹ́ sí Einstein. Ó ní bí a bá gbà pé ìhà márùn-ún ni ayé ní, òòfà tó ń fà wá mọ́lẹ̀ àti agbára iná mànàmáná òun mágnẹ́ẹ̀tì á di ọmọ ìyá kan náà, ìṣirò kan ṣoṣo á sì gbé àwọn méjèèjì. Einstein fèsì pé irú èrò bẹ́ẹ̀ kò sọ sí òun lọ́kàn rí. Síbẹ̀ ó di ọdún 1921 kí ìwé Kaluza tó jáde.

Lóṣù kẹrin yẹn kan náà ni ọkọ̀ ojú omi gbé Gẹ̀ẹ́sì méjì, Arthur Eddington àti Edwin Cottingham, gúnlẹ̀ sí erékùṣù Príncipe, nínú òkun tó wà ní gúúsù wa níbí. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ bí ibẹ̀ ṣe sún mọ́ wa tó. Bí èèyàn bá lè fò tààrà láti Ìkọ̀lé, Príncipe kò tó Maiduguri jìn. Oko kòkó ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Roça Sundy, àwọn alágbàṣe adúláwọ̀ ló sì ru ẹrù wọn la igbó kọjá dé ibẹ̀. Ó dùn mí pé orúkọ Eddington nìkan ni ìtàn ń pè, tí kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ àwọn tó ru ẹrù.

Ohun tí wọ́n bá dé ibẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni Einstein sọ lọ́dún 1915, pé ohun tó bá wúwo a máa tẹ òfuurufú tó yí i ká, débi pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá á yà díẹ̀. Ojú kò lè rí ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn lọ́sàn-án, àfi ìgbà tí òṣùpá bá bo oòrùn pátápátá, tí ọ̀sán sì di òru. Èyí ṣẹlẹ̀ ní Príncipe ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, ó sì gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ díẹ̀. Òjò ńlá rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí òkùnkùn ṣú, ìkùukùu ṣì ń kọjá lójú oòrùn. Fọ́tò 16 ni wọ́n yà, díẹ̀ péré nínú wọn ni ìràwọ̀ sì hàn sí. Èyí tí wọ́n rí wọ̀n fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ yà ní 1.61, bí a bá pín ìwọ̀n dìgírì kan sí ọ̀nà 3,600. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó lọ sí Sobral ní Brazil rí 1.98. 1.75 ni Einstein ti sọ tẹ́lẹ̀; ìlànà Newton àtijọ́ kò lè mú un ju ìdajì rẹ̀ lọ. Wọ́n kéde rẹ̀ ní London ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá, òkìkí Einstein sì kàn káyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún yẹn, òṣùpá bo apá tó pọ̀ nínú oòrùn lókè Èkìtì pẹ̀lú. Ẹni tó wà lóko iṣu ní Ìtapá tàbí ní Ayédé wà lábẹ́ òjìji òṣùpá kan náà pẹ̀lú Eddington. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ èyí, nítorí wọ́n rò pé òkè òkun nìkan ni ọ̀run ti ń ṣe ohun ìyanu.

Àwọn ìràwọ̀ tí Eddington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò náà kò ṣàjèjì sí wa. Hyades ni wọ́n ń pè wọ́n. Lóṣù kìíní, ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí eruku ọyẹ́ kò bá pọ̀ jù, ẹ gbójú sókè, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí yín. Wọ́n tò bíi lẹ́tà V, ìràwọ̀ ńlá kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sì wà lórí apá kan V náà. Ìràwọ̀ pupa yẹn kì í ṣe ara wọn o, ó kàn wà lójú ọ̀nà ni, ó sì sún mọ́ wa jù wọ́n lọ.

Ìṣirò Einstein yìí ti wọ inú fóònù báyìí. Lójoojúmọ́, aago tó wà nínú sátẹ́láìtì tó ń fi ọ̀nà han ọlọ́kadà láti Ọ̀yẹ́ dé Ìlúpéjú máa ń fi 38 nínú ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yá ju ti ilẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá ṣe àtúnṣe rẹ̀, láàárín ọjọ́ kan máàpù á ti fi bíi kìlómítà mẹ́wàá ṣìnà.

Ìhà karùn-ún ńkọ́? Oskar Klein, ará Sweden, ló dáhùn lọ́dún 1926 pé a kò rí i nítorí ó ká kò, ó sì kéré púpọ̀. Ẹ wo igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Láti òkèèrè, bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló rí, bíi pé iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ló ní. Èèrà tó wà lára rẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè yí i po. Bẹ́ẹ̀ ni Klein ní kí a rò ó, ní gbogbo ibi tó wà láyé. Ìṣirò tirẹ̀ fún un ní ìwọ̀n tó kéré débi pé bí a bá fẹ́ kọ ọ́ ní sẹ̀ǹtímítà, òdo bí ọgbọ̀n ló máa ṣíwájú rẹ̀ lẹ́yìn àmì ìdá. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ìhà mẹ́wàá ni, Edward Witten sì sọ lọ́dún 1995 pé mọ́kànlá ni. Mi ò ní fi èyí dá yín dúró.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ní kíláàsì ni: "Ma, ṣé ibẹ̀ ni àwọn òkú ń gbé?" Fídíò orí fóònù ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, àwọn àgbàlagbà kan náà sì ń sọ ọ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀, onígbàgbọ́ lèmi náà. Ṣùgbọ́n Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Nítorí pé ọ̀run kò hàn sójú, tí ìhà karùn-ún náà kò sì hàn, wọ́n so wọ́n pọ̀. Ohun tí Klein ń sọ kì í ṣe ìlú tí ẹnìkan lè lọ kó sọ̀ sí. Bó bá wà, ó wà nínú ìka ọwọ́ yín báyìí, ó wà nínú tábìlì, ó wà láàárín yín àti ìwé tí ẹ ń kà, ohun tó bá sì wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwọ̀n tí èèyàn lè wọ̀n.

Wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́bàá Geneva, wọ́n gbẹ́ ihò róbótó tí àyíká rẹ̀ tó kìlómítà 27 sábẹ́ ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń mú àwọn ègé kékeré inú átọ́ọ̀mù kọlu ara wọn. Wọn kò tíì rí àpẹẹrẹ ìhà tó fara pamọ́ níbẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni ti yunifásítì kan ní Seattle ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, wọ́n fi okùn tínrín so àwo irin kan rọ̀, wọ́n sì gbé irin mìíràn sábẹ́ rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn án, láti mọ bí òòfà ṣe ń fa ọ̀kan sí èkejì. Bí ìhà kan bá ká kò sí àyè tó fẹ̀ ju àlàfo àárín wọn lọ, òòfà náà á le ju bí ìlànà Newton ti wí lọ. Wọ́n ti dín àlàfo náà kù dé ibi tí kò tó ìdá mẹ́wàá mìlímítà, òòfà kò sì yí ìwà padà.

Mo ya àwòrán ẹ̀rọ yìí sójú pátákó fún àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí tírélà ti máa ń kọjá lójú títì tí gíláàsì fèrèsé á sì máa gbọ̀n, nawọ́. Ó ní, "Ma, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí ilẹ̀ má gbọ̀n?" Ohun tó gba àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ní ọ̀pọ̀ ọdún gan-an lọmọ náà béèrè, a sì fi ìyókù wákàtí ọjọ́ náà sọ ọ́.