Kí Ni Ilé-ìwé Fi Kọ́ Ọmọ Wa?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, nígbà tí ọdún ilé-ìwé bá ń parí lọ, ilé-ìwé aládàáni kì í ṣàì pe àwọn òbí jọ. Wọn a ta kánópì sí pápá, wọn a to àga, ẹ̀rọ gbohùngbohùn a máa ké gooro. Àwọn ọmọ a wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Lẹ́yìn náà, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ: ẹni tó ṣe ipò kìn-ín-ní nínú ìṣirò, ẹni tó sáré jù lọ, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáká jù lọ níbi àríyànjiyàn. Ìyá tí a bá pe orúkọ ọmọ rẹ̀ a jó lọ síwájú, a jó padà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Yinniyinni, kẹ́ni ó lè ṣe òmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí ọmọ 40 bá wà ní kíláàsì kan, tí a sì fún ọmọ 3 ní ẹ̀bùn, àwọn 37 tó kù ńkọ́? Owó kan náà ni òbí wọn san. Ẹni tó ta kòkó san án, ẹni tó ń dín àkàrà san án, ẹni tó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà san án. Kí ni owó tiwọn rà?

Ilé-ìwé aládàáni ń gba owó, kò sì burú. Tíṣà yóò jẹun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ẹ̀bùn yìí, ọjọ́ ọjà ni pẹ̀lú. Kò sí alátà tí í fi tòmátì tó ti jẹrà sókè àtẹ. Àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù ni wọ́n ń tò síwájú kí àlejò lè rí wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ilé-ìwé kan ń ṣe fún àwọn ọmọ, ẹ lọ wò ó ní ọjọ́ tí kò sí kánópì.

Ìtàn ilé-ìwé kan yóò là á yé wa. Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ó wà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ti òde òní. Mayflower ni orúkọ rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Awólọ́wọ̀ náà. Àwọn ọmọ ya bo ilé-ìwé bí omi òjò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ ni yóò wá owó sẹ́kọ́ńdìrì. Ohun tí ọ̀pọ̀ bàbá sì ń retí ni pé kí ọmọ di akọ̀wé: kí ó wọ ṣòkòtò funfun, kí ó jókòó sórí àga, kí ọwọ́ rẹ̀ má kan ilẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ mìíràn wà tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Tai Ṣólàárín ni. Ọdún 1922 ni wọ́n bí i. Nígbà ogun Hitler, ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú òfuurufú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun, ó kàwé ní Manchester àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà wálé ní 1952, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Níbẹ̀ ni ó ti mú àdúrà òwúrọ̀ àti ẹ̀kọ́ ìsìn kúrò. Ọ̀rọ̀ òun àti àwọn tó ni ilé-ìwé náà kò wọ̀ mọ́, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé-ìwé tiwọn sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́.

Ẹ lè béèrè pé, orúkọ wo ni Mayflower? Orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni. Ní 1620, ọkọ̀ náà gbé àwọn ènìyàn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn lọ nítorí pé wọn kò rí àyè sin Ọlọ́run nílé bí wọ́n ti fẹ́. Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà yí padà díẹ̀. Àwọn ti ọkọ̀ yẹn ń wá ibi tí wọn yóò ti gbàdúrà bó ti wù wọ́n. Ṣólàárín ń wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní fi àdúrà ṣe dandan fún akẹ́kọ̀ọ́. A mọ̀ pé ibí yìí kò ní bá ọ̀pọ̀ nínú wa lára mu. Àwa fúnra wa ń gbàdúrà kí á tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì yín, a kò sì ní í dẹ́kun. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ fà yọ nínú ìtàn yìí kì í ṣe ti ìsìn.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ní Mayflower, akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ẹni tí a ń gbé oúnjẹ fún. Wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin adìẹ, wọ́n sì ń lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Ilé-ìwé t'ọkùnrin t'obìnrin ni. Ọ̀gá wọn pàápàá, ṣòkòtò kúkúrú káàkì ni ó máa ń wọ̀ kiri, bí ẹni tí ń lọ sóko. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

A mọ bí òbí ti máa ń sọ̀rọ̀. "Èmi bàbá rẹ̀ ń ro oko, mo ní kí òun má ro oko mọ́, ẹ tún wá gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́!" Àbí ẹ kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Bí ó bá jẹ́ pé oko tíṣà ni wọ́n ń rán ọmọ lọ, tí iṣu ibẹ̀ ń lọ sí ilé tíṣà, àwa náà yóò bá yín bínú. Irú èyí wà, ojú wa sì rí i púpọ̀ nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe tó sì ń jẹ èrè rẹ̀, tí ó tún ń ti ibẹ̀ lóye ohun tó kà, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé ti ń pàdé. Ẹ̀yin bíríkìlà tó wà láàárín wa mọ èyí. Bí ẹ bá fẹ́ kí igun ilé tọ́, ẹ ó wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan, ẹ ó wọn ẹsẹ̀ bàtà 4 sí apá kejì, ẹ ó wá na okùn láti orí ìkínní dé orí ìkejì. Bí okùn náà bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 gẹ́ẹ́, igun yín tọ́. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, igun náà ti là jù. Bí kò bá tó, ó ti pa mọ́ jù. Ó dára. Nínú ìwé ìṣirò sẹ́kọ́ńdìrì, ohun kan náà gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ Pythagoras, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì àtijọ́, ni wọ́n fi ń pè é. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Ẹ ro 9 àti 16 pọ̀, ó di 25. 5 lọ́nà 5 náà, 25 ni. Ọmọ tí kò kúrò lórí bẹ́ńṣì yóò há èyí sórí, bí ìdánwò bá sì ti kọjá, yóò gbàgbé rẹ̀. Ọmọ tó ti di okùn mú nídìí ìpìlẹ̀ ilé rí kò lè gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń sin adìẹ tí ó ń ṣírò oúnjẹ wọn: bí oúnjẹ bá gba owó ju ẹyin lọ, yóò mọ ohun tí àdánù jẹ́ kí olùkọ́ tó sọ fún un.

Nítorí náà, àwọn ọmọ Mayflower kò tìtorí ọkọ́ pàdánù ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di dókítà, ẹnjiníà, olùkọ́ yunifásítì.

Ṣólàárín tún máa ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1964, tí gbogbo ayé ń kí ara wọn kú ọdún, tí olúkúlùkù ń sọ pé kí ọ̀nà ó là, òun kọ tirẹ̀ pé kí ọ̀nà yín ó rí págunpàgun! Ẹ gbọ́ irú àdúrà! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ilé-ìwé rẹ̀ yóò mọ ohun tó ń sọ. Kì í ṣe èpè. Ó fẹ́ kí ọ̀dọ́ pàdé ohun tó le nígbà tí ara rẹ̀ ṣì lè gbà á.

Nínú àwọn ọdún 1970, ìjọba gba Mayflower, kò sì jẹ́ ilé-ìwé aládàáni mọ́. Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni í báyìí. Ṣólàárín kú ní 1994, Sheila kú ní 2012.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ilé-ìwé tí ọmọ tiwa ń lọ lè má ní oko, ó lè má ní adìẹ. Báwo ni a ó ṣe mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ìwé kan wà tí ọmọ ń mú wálé ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní rìsọ́ọ̀tì. Títí di àná, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń kà á fún yín. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Wọ́n máa ń sọ ti ọmọ kan tó ṣe ipò 40 nínú ọmọ 40. Nígbà tí bàbá rẹ̀ béèrè, ó ní, "Bàbá, 40 nínú 40, gbogbo rẹ̀ ni mo gbà!" Bàbá sì pa adìẹ fún un.

Ní báyìí tí ẹ ti lè kà á, ibi mẹ́ta ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ.

Èkíní ni máàkì, kì í ṣe ipò. Ipò ń sọ iye ọmọ tó wà níwájú tiyín. Kò sọ ohun tó mọ̀. Bí gbogbo kíláàsì bá kùnà, ẹnì kan yóò ṣì ṣe ipò kìn-ín-ní. Ọmọ tó gba 38 nínú 100 tó sì ṣe ipò kejì, iṣẹ́ ṣì pọ̀ fún un. Èyí tó gba 71 tó ṣe ipò kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ má nà án.

Èkejì ni iye ọjọ́ tó lọ sí ilé-ìwé. Bí ilé-ìwé bá ṣí ní ọjọ́ 60, tí wọ́n sì kọ 41 síwájú orúkọ ọmọ yín, ẹ béèrè ibi tó wà ní ọjọ́ 19 yẹn. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ rán an lọ sọ́jà. Kí á má purọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tí tíṣà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni ó kọ fún gbogbo ọmọ àdúgbò, tíṣà náà kò wo ọmọ yín dáadáa. Ẹ lọ bá a, kí ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Nígbà tó bá kan ìdánwò àṣekágbá ti WAEC, lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n ń lò. A1 ló ga jù, F9 ló kéré jù. Láti A1 dé C6 ni à ń pè ní krẹ́dìtì. D7 àti E8 yege, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe krẹ́dìtì. F9 kùnà, bí ọmọ bá sọ fún yín pé "fáìn" ni F yẹn, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí yunifásítì nílò krẹ́dìtì márùn-ún, fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ sì ni Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò gbọ́dọ̀ wà nínú wọn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé-ìwé aládàáni. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ síbẹ̀, wọn a fi àwòrán ọmọ kan hàn yín lára ògiri, ọmọ tó gba A1 mẹ́sàn-án. Ẹ yìn ín, ó tọ́ sí i. Kí ẹ wá béèrè wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mélòó ló jókòó ṣe ìdánwò yẹn lọ́dún tó kọjá? Mélòó nínú wọn ló ní krẹ́dìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò?" Ká ní ọmọ 30 ló ṣe é, tí 6 ló rí i gbà. Ó túmọ̀ sí pé ọmọ 24 padà sílé, wọn yóò tún owó san láti tún un ṣe. Àwòrán ara ògiri kò ní sọ ìyẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa yóò dá yín lóhùn láìyí ojú. Ẹ tún ní kí ó jẹ́ kí ẹ rin àgbàlá náà ká ní ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ wo ọwọ́ àwọn ọmọ: kí ni wọ́n ń ṣe?

Ẹni tó bá ní rìsọ́ọ̀tì ọmọ rẹ̀ nílé, kí ó mú un wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó jọ kà á. Kí ó fi bébà bo orúkọ ọmọ náà, kí àwọn ará àdúgbò má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́.